Bébà Tó Wé Bàtà Pupa

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ ti fúyẹ́ díẹ̀? Èmi náà wà, ara ń ṣe bí ara, ọpẹ́ ló yẹ kí n dá. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé, "Kí ló dé tí kò pè?" Ẹ̀gbọ́n mi, àwa méjèèjì la jọ fẹnu kò pé fóònù wà fún "ṣé ẹ jí dáadáa," lẹ́tà ló wà fún ọ̀rọ̀ gidi. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún lórí fóònù, ẹ̀yin náà á bẹ̀rẹ̀, ká tó mọ̀, àkókò ti lọ, a ò sì tíì sọ nǹkan kan.

Ó dáa, ẹ wá ibi jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ìwé àṣẹ tí Kékeré ọmọ mi máa fi wá bá mi níbí ti jáde! Ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń tú àwo kúrò nínú páálí, tí mò ń tú bébà kúrò lára àwo, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù àwo kan lókè òkun níbí, tí oòrùn ò mọ ọ̀nà rẹ̀, ohun tí mo ń wá nìyẹn. Wọ́n ní kí ọmọ mi máa bọ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wọlé síbí kó tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ìyẹn ni pé kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Tí ọjọ́ yẹn bá fi lè kọjá, àgbàlagbà ni wọ́n máa kà á sí, á di pé kó lọ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò sì dájú rárá.

Mo ti kó kúrò ní yàrá tí àwa mẹ́rin jọ ń gbé. Mo gba yàrá kan fún ara mi, ó ní fèrèsé tó kọjú sí òpópónà, ilé ìfọṣọ kan wà lódìkejì, èéfín gbígbóná rẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì kejì. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ tán, mo jókòó lórí tèmi, mo ń wò ó, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé.

Ẹ bá mi sọ fún un. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí pé "bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì," "rárá, Mọ́mì," "ẹ ṣé, Mọ́mì," ni gbogbo ohun tí mò ń rí gbà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà díẹ̀. Kí ló ń ṣe é gan-an? Ṣé ọkùnrin ni? Ẹ má fi pamọ́ fún mi o. Ẹ jẹ́ kó ya fọ́tò mẹ́rin fún ìwé náà. Kí etí rẹ̀ méjèèjì hàn, kó má sì rẹ́rìn-ín, wọn kì í gba ẹ̀rín.

Èmi àbúrò yín tí ayọ̀ fẹ́ pa.


Ọjọ́ kẹẹ̀dógún, oṣù kẹta

Àbúrò mi,

Mo wá ibi jókòó gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Orí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pínnì há ni mo jókòó lé. Igbe tí mo ké, ìdajì ayọ̀ ni, ìdajì pínnì. Oníbàárà tó ń wọ ẹ̀wù wò lẹ́yìn kọ́tìnnì sáré jáde, apá kan nínú ẹ̀wù, apá kan níta. O kú oríire! O kú ìdúró! Ọlọ́run tó mú ojú rẹ rí i á mú ọwọ́ rẹ tẹ̀ ẹ́.

Má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dáhùn. Mi ò mọ bí màá ṣe kọ ọ́ ni. Kì í ṣe ọkùnrin o. Ì bá jẹ́ ọkùnrin ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń lé ọkùnrin. Japan ni.

O gbọ́ mi dáadáa. Kékeré wa, tó ti fi orí kan ga jù mí lọ tí gbogbo èèyàn ṣì ń pè ní Kékeré, ti gbé gbogbo ọkàn rẹ̀ lọ sí Japan. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀fìnkìn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní kí gbogbo ẹni tó bá ń wọ yàrá wa bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì yí imú bàtà síta. Mo ní ó dáa, ilẹ̀ mi á mọ́. Ó tún gbẹ́ igi wínníwínní méjì, ó ń fi jẹun. Ìrẹsì tí mo bá jẹ tán tí mo sì ti fọ àwo, òun ṣì ń lé hóró kan kiri inú abọ́. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wọlé wá wọn aṣọ. Dípò kí ọmọ yìí kí i bí a ṣe ń kí èèyàn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó tẹ̀ síwájú láti ìbàdí, kò sọ̀rọ̀. Obìnrin náà figbe ta: "Ẹ jọ̀ọ́ o, inú ń run ọmọ yín!" Ó ti sáré lọ bu omi kí n tó rí ẹnu fi ṣàlàyé.

Ó tún ń kọ èdè wọn. Búrọ́ọ̀ṣì àti íńkì ló fi ń kọ ọ́, láti òkè wá sísàlẹ̀, lẹ́tà kan náà nígbà ogójì lójú kan títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó ti tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Etí aṣọ tó bá bá mi ran báyìí, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé kì í ṣe máṣíìnì.

Mo wá sọ fún un pé ìwé rẹ̀ ti jáde. Mo rò pé ó máa fò mọ́ mi lọ́rùn. Ó ní, "Ó dáa, Màmá." Ó tún ní, "Ṣé Mọ́mì mọ irú ẹni tí mo jẹ́?" Mo ní irú ìbéèrè wo nìyẹn. Ó ní kò burú, ó wọlé lọ. Kò tíì ya fọ́tò náà. Mo mú un lọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní orí ń fọ́ òun. Mo mú un lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò, ó yíjú padà.

Máa fọkàn balẹ̀. Mo ń bá a lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, tí kò lè jókòó dáadáa títí di àkókò yìí.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mi ò ní pẹ́ lórí ìkíni lónìí, torí inú ń bí mi. Tí mo bá ní inú ò bí mi, irọ́ ni mo pa.

Japan? Kí ló kan ilé wa kan Japan? Ta ló bí wa níbẹ̀? Ojoojúmọ́ ni mò ń tú àwo tó ti ọ̀hún wá. Àwo lásán ni. Tó bá bọ́, á fọ́. Ọmọ tí mo torí rẹ̀ wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ, tí mo ń ka oṣù dè, òun ló tún ń wo ibòmíràn tó jìn ju ọ̀dọ̀ mi lọ. Tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀, mo tún máa dúró fún ọdún mọ́kànlá mìíràn ni? Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lókun ẹ̀ mọ́.

Ẹ bá mi kó gbogbo rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀. Ìwé, búrọ́ọ̀ṣì, igi ìjẹun, bébà, gbogbo rẹ̀ pátápátá. Tó bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, kó máa ṣe Japan lójú mi, mi ò ní bá a wí. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ ya fọ́tò! Oṣù kẹsàn-án kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àmọ́ tí mi ò bá sọ ọ́, á gbé mi níkùn. Ẹ ti kẹ́ ẹ jù. Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ẹ ò lè bá a wí, torí pé ẹ̀yin ló ń pè ní Màmá. Èmi ni Mọ́mì, bí ẹni ń pe olùkọ́ tuntun.

Àbúrò yín ni.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Ìyá Ọmọ,

Mo kí ọ.

O ní kí n kó o, mo kó o. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fi ń kọ́ èdè náà wà lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè tó. Igi ìjẹun, mo fi dáná. Lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo bá ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n kọ èdè Japan sí, ó tó ogójì, ó ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo rẹ̀ fi nà tọ̀nnà. Bébà tó fẹ̀ dáadáa ni. O mọ̀ pé mo ní aṣọ ilé-ìwé mẹ́tàdínlógún láti rán kí wọ́n tó wọlé. Bébà tí mo fi ń gé pátánì sì ti tán nílẹ̀, o mọ̀ pé a kì í kàn gbé sísọ́ọ̀sì lé aṣọ olówó láìkọ́kọ́ gé e sí bébà. Mo ní kí n má jẹ́ kó ṣòfò. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, mo gé e: apá, ọrùn, iwájú, ẹ̀yìn.

Ó ti ilé-ìwé dé, ó bá mi lẹ́nu rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó yí imú rẹ̀ síta bó ṣe máa ń ṣe, ó wá rí tábìlì. Kò pariwo. Ì bá pariwo ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa àjákù tó wà nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dórí èyí tí kò tó èékánná. Láti ọjọ́ náà, ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń fọ àwo, ó ń gbálẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn ò jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ní ti pé èmi ni mo bà á jẹ́, mo ti gbọ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti wà lọ́wọ́ mi. Mo ti gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Lẹ́tà kẹta rèé láti ìgbà tí tiyín ti dé, ẹ ò fèsì sí ọ̀kan. Mo pè, ẹ ní, "Ó wà, a wà," ẹ gbé e kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí. Ohun tí mo kọ yẹn, ẹnu mi ló yá jù. Mo jowú ni. Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí: mo jowú ẹ̀gbọ́n mi tó bá mi tọ́ ọmọ. Ẹ̀yin lẹ mọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ ká eyín, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó ń dẹ́rù bà á. Èmi mọ iye ìwọ̀n bàtà rẹ̀ nìkan, ìyẹn náà, mo máa ń ṣèṣì.

Lánàá, abọ́ mẹ́fà bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá mi sọ̀ kalẹ̀ wá, ó wò mí, ó bá mi gbá a. Láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀ kó tó di àná, abọ́ mẹ́ta péré ni mo tíì fọ́ rí. Òun náà ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí.

Àwọn aláṣẹ tún kọ̀wé sí mi, wọ́n ń béèrè fọ́tò. Ó ku oṣù mẹ́ta àti díẹ̀. Bí kò bá fẹ́ wá, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi, kí n lè mọ ohun tí mò ń sunkún lé lórí.

Nǹkan kan tún wà tí kò yé mi. Mo ti ka lẹ́tà yín tó ìgbà mẹ́wàá. Ogójì ìwé ìròyìn Japan: níbo lọmọ ti rí i? Ta ló ń fún un? Èmi tí mò ń tú irú bébà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò rò pé ó ṣeé rí níbòmíràn bí kò ṣe lára àwo.

Àbúrò yín tó ń bẹ̀bẹ̀.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù keje

Àbúrò mi,

Dìde nílẹ̀. Èmi ló yẹ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, tí mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo bá Kékeré lórí ilẹ̀ ibi iṣẹ́ mi. Ó ti kó gbogbo bébà tí mo gé jọ, ó ń fi pínnì so ó pọ̀. Kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Ó fi apá sí ibi ọrùn, ẹ̀yìn ń wá iwájú rẹ̀. Mo dúró wò ó títí, mo wá jókòó tì í. Èmi tí mo gé e, èmi ló mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, "mú ìyẹn wá," "kì í ṣe ìyẹn," ni gbogbo ohun tí a sọ. Ó dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ, torí ó ti pẹ́ tó ti bá mi sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bébà kan wá dé ọwọ́ mi. Áyọ́ọ̀nù ò tíì pa gbogbo àpá tó wà lára rẹ̀ rẹ́. Àpá náà rí roboto níwájú, ó tínrín láàárín: ojú ẹsẹ̀ ọmọ kékeré. Bàtà pupa! Bàtà pupa tó o fi ránṣẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́, tó o fi bébà wé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi, ìwọ lo fi gbogbo bébà yẹn ránṣẹ́. Ara àwo rẹ lo ti tú u, òun lo fi ń wé bàtà, wé ife, wé aago. Àwọn bàtà náà ti gbó, ife ti fọ́, aago ti kú. Ọmọ tọ́jú bébà.

Wàá ní kí ló dé. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kíá kí ojú tó tì mí. Nígbà tí ẹrù àkọ́kọ́ yẹn dé, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Lẹ́tà Mọ́mì dà?" Ó ki ọwọ́ bọ inú bàtà, ó wá a títí. Kò sí. Ó bú sẹ́kún. Oníbàárà dúró lé mi lórí, okùn máṣíìnì já, ara mi ti gbóná. Mo bá fa bébà náà fún un, mo ní, "Òun nìyẹn. Mọ́mì ẹ ló kọ ọ́ sí ẹ. Tó o bá mọ̀wé, wàá kà á." Ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi ti gbàgbé rẹ̀ kí n tó ti okùn bọ abẹ́rẹ́. Irọ́ kékeré tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni. Òun ò gbàgbé.

Mo wá jókòó, mo fi ọwọ́ ara mi gé e. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Mo ti lọ gba ìwé rẹ̀ padà lọ́wọ́ olùkọ́. Lẹ́tà tó wà pẹ̀lú èyí, òun ló kọ ọ́ sí ọ, ó ti lẹ̀ ẹ́ pa. Mi ò tú u wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ń yún mi gidigidi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù keje

Mọ́mì,

Ẹ kú iṣẹ́. Màmá ní kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé ara yín le. Mo ní ìrètí náà, kì í ṣe pé mo kàn kọ ọ́.

Màmá ti sọ fún yín nípa bébà. Ẹ má bínú sí wọn, èmi náà ò bínú sí wọn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé níbi tí ẹ wà nìyẹn. Nígbà tí mo wọ kíláàsì kẹta, mo mú ọ̀kan lọ fún olùkọ́, ó ní èdè Japan ni. Mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé Japan ni ìyá mi wà. Ìgbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ka sítáǹpù ara páálí yín, kì í ṣe Japan. Mo dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Màmá rò pé ibà ni.

Ó yẹ kí n jù ú nù nígbà yẹn. Àmọ́ mo ti mọ lẹ́tà mẹ́rìndínláàádọ́ta tí wọ́n fi ń kọ èdè wọn, kò sì ṣeé dá padà. Mo tún ń sọ fún ara mi pé bóyá ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣà wọ́n ni, pé ẹ wo èyí tí ohun tí ẹ fẹ́ kí n mọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ fi wé bàtà. Torí náà mo ń kà. Ọ̀kan sọ pé òjò máa rọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú. Ọ̀kan ń polówó bàtà òjò. Ọkùnrin kan ń wá ológbò rẹ̀, ìrù rẹ̀ kúrú, ó ń bẹ̀rù ajá. Èyí tó wé bàtà pupa ni mo fi ṣe ìkẹyìn, torí pé òun ni mo fẹ́ràn jù, ó sì ní àwọn lẹ́tà wọn ńláńlá tó ṣòro. Oṣù kejìlá tó kọjá ni mo tó lè kà á. Àkókò tí ọkọ̀ ojú irin ń lọ ni, àti àkókò tó ń dé.

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán, Mọ́mì. Kò sí orúkọ mi níbẹ̀.

Mo fẹ́ràn Japan fún ara rẹ̀ báyìí o, ẹ má rò pé nítorí yín nìkan ni. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń fi sùúrù ṣe nǹkan kékeré. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ẹni tó bá ń jáde nílé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á sọ pé òun ń lọ, òun ń bọ̀. Ará ilé á ní kó lọ kó bọ̀. Tó bá padà, á tún sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé òun ti dé, wọ́n á sì kí i káàbọ̀. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Ilé-ìwé ni mo wà nígbà tí ẹ lọ. Mo dé, mo bá ẹ̀wù ilé yín lórí ìkọ́.

Kì í ṣe nítorí Japan ni mi ò fi ya fọ́tò. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo mọ Japan ju bí mo ṣe mọ̀ yín lọ. Tí mo bá dé inú yàrá yẹn, tí a jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì méjì, kí la máa bá ara wa sọ?

Màmá ní kí èèyàn má fi ìbànújẹ́ parí lẹ́tà. Torí náà, ẹ kú iṣẹ́ àwo.

Kékeré.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ

Kékeré mi,

Má ju bébà yìí nù o. Òun gan-an ni lẹ́tà. Mo lọ ra bébà tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí, mo kọ tèmi sí i kí n tó fi wé ẹrù. Bàtà ọ̀tún ni kó o kọ́kọ́ tú.

Èyí tó wé bàtà ọ̀tún: O béèrè, "Lẹ́tà Mọ́mì dà?" nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Mo kọ ọ́, Kékeré. Mo kọ ọ́ ní ìgbà mẹ́rin. Tí mo bá ti kọ "ọmọ mi," màá wo yàrá tí a wà, ibùsùn mẹ́rin, aṣọ tútù lórí okùn, màá ní kí ni màá sọ fún ọmọ pé mo wá ṣe níbí? Màá fà á ya. Mo wá ní ṣebí bàtà á sọ̀rọ̀ fún mi. Bébà tó sún mọ́ mi jù ni mo fà. Mi ò ṣà á. Mi ò tiẹ̀ wò ó. Mo lè purọ́ fún ọ pé mo ṣà á, àmọ́ irọ́ ti pọ̀ tó lórí bébà yẹn.

Èyí tó wé bàtà òsì: Ọjọ́ tí mo lọ. Ọkọ̀ ti dúró níta kó o tó lọ sí ilé-ìwé. Mo ní kó lọ dúró lẹ́yìn ilé, kó o má bàa rí i. Mo di irun rẹ, ìlà rẹ̀ wọ́, o ní kí n tú u kí n tún un di, mo tún un di. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ fún ọ, wàá di aṣọ mi mú, tó o bá sì di aṣọ mi mú, mi ò ní lọ mọ́. Ara mi ni mo rò. Mi ò rò ó pé ẹnìkan máa dé láti ilé-ìwé. Má bínú. Mo ti ń sọ "má bínú" yẹn sétí àwo láti ọjọ́ náà.

Èyí tó wé búrọ́ọ̀ṣì: Ọ̀gá mi bá mi yan búrọ́ọ̀ṣì yìí, ó ní irú èyí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ní ọ̀hún ni. Mo ti sọ fún un pé ọmọ mi mọ èdè náà kà. Mo sọ fún obìnrin ilé ìfọṣọ náà. Mo ń fi ọ́ yangàn kiri, èmi tí mo ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ. O béèrè bóyá mo mọ irú ẹni tí o jẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Tó o bá wá, a ò ní mọ ohun tí a máa sọ, òótọ́ ni, a máa jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ojú á ti àwa méjèèjì. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Tó o bá ní o ò wá, mi ò ní fi ipá mú ọ, màá máa kọ ọ́ sí bébà, màá máa fi wé nǹkan. Àmọ́ bẹ́ẹ̀dì náà wà níbẹ̀.

Mọ́mì rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹjọ

Mọ́mì,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹrù yín dé. Mo bọ́ bàtà kí n tó tú u. Màmá ní kí n ka bébà náà sókè, mo ní rárá, tèmi ni. Wọ́n bínú, wọ́n lọ tẹ máṣíìnì láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ka èyí tó sọ nípa irun mi sí wọn létí. Wọ́n ní àwọn rántí pé ìlà rẹ̀ ṣì wọ́.

Fọ́tò mẹ́rin wà nínú àpòòwé yìí. Etí mi méjèèjì hàn. Ìkarùn-ún, mo rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ẹ má fún àwọn aláṣẹ. Tiyín ni.

Bàtà yẹn há mi, Mọ́mì. Ó fi ìwọ̀n méjì dín. Màmá ní kí n má sọ fún yín, pé á dùn yín, pé kí n kàn kọ pé ó bá mi mu. Mo ní a ò ní pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí. Màá gbé e dání bọ̀, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí bí ẹsẹ̀ mi ṣe tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú bébà tí ẹ bá tú lára àwo lọ́sẹ̀ tí mo bá dé. Èmi ni màá kà á fún yín, ì báà jẹ́ òjò ni wọ́n ń sọ. Tí a ò bá mọ ohun tí a máa sọ, ká máa kà á.

Lọ́jọ́ tí mo bá ń kúrò, Màmá ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti bá wọn sọ ọ́. Wọ́n máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi náà máa dúró, màá wo ojú wọn, màá sọ fún wọn pé mò ń lọ, mò ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní sunkún. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n máa sunkún.

Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín, mi ò ní ṣílẹ̀kùn wọlé. Màá dúró níta, màá sọ pé mo ti dé. Ẹ mọ ohun tí ẹ máa fi dá mi lóhùn.

Kékeré yín.